Bí Báńkì Kékeré Inú Ìlú Ṣe Lè Dúró: Ìtọ́nisọ́nà fún Máníjà àti Ìgbìmọ̀ Olùdarí

Ọ̀pọ̀ báńkì kékeré tí ó kú ní ìṣojú mi, kì í ṣe olè ni ó kọ́kọ́ pa wọ́n, kì í sì í ṣe àìrí oníbàárà. Owó tí wọ́n yá jáde ni kò padà wálé lásìkò, tí kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ pè é ní gbèsè tí ó ti bàjẹ́, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ tí àwọn tí ó fi owó pamọ́ tò sí ẹnu ọ̀nà tí kásíà kò sì rí nǹkan kan san. Mo kọ ìtọ́nisọ́nà yìí fún ẹ̀yin máníjà, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ẹ̀yáwó ní àwọn báńkì máíkírófáínánsì inú ìlú, irú èyí tí ó ní ọ́fíìsì kan tàbí méjì, tí àwọn oníbàárà rẹ̀ sì jẹ́ ìyá ọlọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́, olùkọ́ àti àgbẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ rin ọjà gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó kí n tó di máníjà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé agbára báńkì kékeré ni mímọ̀ tí ó mọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ìmọ̀ yẹn kò bá sì hàn nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ lójoojúmọ́, asán ni.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni báńkì ìlú àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ṣí ilẹ̀kùn ní Túdún Wádà ní Kàdúná. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi ju ẹgbẹ̀rún kan lọ káàkiri orílẹ̀-èdè, tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi àti àwọn olówó àdúgbò sì ń dá owó jọ láti gbé wọn ró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé ètò máíkírófáínánsì jáde, ó sì fún àwọn báńkì ìlú di ìparí ọdún 2007 láti ní mílíọ̀nù 20 náírà gẹ́gẹ́ bí owó ìdásílẹ̀ kí wọ́n tó lè yí padà di báńkì máíkírófáínánsì. Ọ̀pọ̀ kò dé ibẹ̀. Nínú àwọn báńkì máíkírófáínánsì tí ó wà nígbà náà, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 224 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ti àwọn kan padà lẹ́yìn náà. Ó tún gbà á lọ́wọ́ 42 ní ọdún 2020, àti lọ́wọ́ 132 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Gbèdéke tuntun lórí owó ìdásílẹ̀ tún wọlé ní oṣù Kẹrin ọdún 2022: mílíọ̀nù 50 náírà fún báńkì kékeré ti ìgbèríko, mílíọ̀nù 200 fún ti ìgboro, bílíọ̀nù kan fún èyí tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀ kan, àti bílíọ̀nù 5 fún ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Mo ka gbogbo èyí sílẹ̀ kí ó lè yé ìgbìmọ̀ olùdarí pé ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún ìdílé. A máa ń gbà á padà.

Kí ẹ tó yá ènìyàn lówó

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Fọ́ọ̀mù tí oníbàárà kọ nǹkan sí nínú ọ́fíìsì kò tó fi yá a lówó. Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ ọjà àti lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ lásán, nítorí pé ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà wàrà wàrà ní ọjọ́ ọjà lè má ta nǹkan kan ní ọjọ́ mẹ́rin tí ó kù.

Ìyá kan tí ó ń ta gaàrí wá bá wa nígbà kan, ó fẹ́ ₦500,000. Ìsọ̀ rẹ̀ kún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dá ṣáká. A jókòó tì í lórí àpótí, a sì ka àpò pẹ̀lú rẹ̀. Àpò mẹ́wàá ni ó ń tà ní ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn owó ọkọ̀, owó alábàárù àti owó ọjà, ₦3,500 ni ó ń kù fún un lórí àpò kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ ₦35,000 lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ilé ń gba ₦15,000, owó ọkọ̀ àwọn ọmọ sí ilé ìwé ń gba ₦4,000, ó sì ń dá àjọ ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tí ó kù jẹ́ ₦10,000. Ìlànà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé owó tí oníbàárà yóò máa san lọ́sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó bá ṣẹ́kù lọ, kí àìsàn ọmọ kan má bàa sọ ọ́ di ajigbèsè. ₦500,000 fún ọ̀sẹ̀ 24 ìbá ju ₦20,000 lọ lọ́sẹ̀, kí a tó fi èlé lé e rárá. ₦120,000 ni a fún un, tí ó ń san ₦6,200 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú èlé. Inú rẹ̀ kò dùn ní ọjọ́ náà. Ó san án tán láìjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan fò ó, ó sì tún padà wá yá èyí tí ó ju ìyẹn lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò ka èrè tí owó ẹ̀yáwó náà fúnra rẹ̀ yóò mú wá mọ́ ọn. Èrè tí kò tíì dé kò ṣeé fi san gbèsè, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó ti ń ṣìnà, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí iye owó tí wọ́n yá jáde ní oṣù náà ga.

Lẹ́yìn kíka ọjà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ìyálọ́jà mọ ẹni tí ń jà nítorí gbèsè. Alábàárù mọ̀ bóyá ẹrù tí ó wà nílẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó jókòó tì í tàbí ti ẹlòmíràn. Ẹ gba káàdì àjọ rẹ̀, kí ẹ wo bí ó ṣe dá a fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tí ó dá ₦500 láìfo ọjọ́ sàn ju ẹni tí ó da ₦30,000 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ yáwó. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi BVN rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ gbèsè rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin ọdún 2017 lórí ìròyìn gbèsè fún láṣẹ. Lóde òní, ènìyàn lè jẹ gbèsè lórí áàpù mẹ́ta lórí fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ mọ̀, ká má tilẹ̀ wá sọ ti alájọ.

Ní ti ohun ìdúró, ẹ má gbára lé rìsíìtì ilẹ̀ ẹbí. Mo ti rí rìsíìtì ilẹ̀ kan ṣoṣo ní báńkì mẹ́ta. Òfin mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2017 fi ẹsẹ̀ ìwé ìforúkọsílẹ̀ ohun ìdúró tí ó ṣeé gbé múlẹ̀ lábẹ́ CBN, èyí tí ó fún báńkì láǹfààní láti forúkọ ẹ̀rọ ìlọta, fíríjì, ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ọ̀kadà sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tí ó fẹ́ yá onítọ̀hún lówó lè mọ̀ pé ẹnìkan ti ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Àwọn báńkì kékeré kì í lò ó tó bí ó ṣe yẹ. Ẹ lò ó. Ní ti onídùúró, ẹ ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń dúró fún ara wọn sórí ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta: tí Àlàbá bá dúró fún Bísí, tí Bísí dúró fún Kọ́lá, tí Kọ́lá sì dúró fún Àlàbá, kò sí onídùúró kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ àti ti àgbẹ̀

Yíyá àwọn obìnrin lówó nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n ń dúró fún ara wọn, jẹ́ ọ̀nà tí Muhammad Yunus sọ di olókìkí ní Bangladesh, tí báńkì máíkírófáínánsì LAPO sì ti lò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ wa. Kò ṣàjèjì sí wa, nítorí pé èésú ti wà kí báńkì tó dé. Ewu rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ tí ó ń kó owó àwọn ẹlòmíràn lò: ó mú orúkọ ènìyàn mẹ́wàá wá, mẹ́rin nínú wọn ni ó yáwó ní tòótọ́, owó àwọn mẹ́fà yòókù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣọ́ra kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gba owó tirẹ̀ sínú àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó náà sì dé ilé mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kejì láti béèrè pé èló ni wọ́n gbà, kí sì ni wọ́n fi ṣe.

Àgbẹ̀ kò lè san owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà. Gbáàgúdá ń lo bí ọdún kan nínú ilẹ̀. Ìkórè ńlá kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá títí wọ inú ọdún tuntun. Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ máa san èlé díẹ̀díẹ̀, kí ó sì san ojú owó nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ohun tí báńkì lè dúró dè lọ.

Owó tí ó wà nínú ewu

Bí ẹ kò bá ní ààyè láti ka ibòmíràn nínú ìwé yìí, ẹ ka ibí yìí. Nọ́ńbà kan wà tí máníjà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó mu tíì àárọ̀, òun ni àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè ní PAR: gbogbo ojú owó tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tí ó ti fi ju 30 ọjọ́ lọ pẹ́ lórí ìsanwó wọn, tí a pín pẹ̀lú gbogbo owó tí ó wà níta. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé a máa ń ka owó tí ó pẹ́ nìkan. Oníbàárà kan yá ₦300,000, ó ti san ₦100,000, ó sì ti kọ̀ láti san ₦25,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ máníjà yóò kọ ₦50,000 sílẹ̀ bí owó tí ó wà nínú ewu. Irọ́ ni. ₦200,000 ni ó wà nínú ewu, nítorí pé ẹni tí kò san ₦50,000 kò tíì fi hàn pé òun yóò san èyí tí ó kù. Tí báńkì bá ní mílíọ̀nù 60 níta, tí irú owó bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 7.5, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìdá 5 ni ìlànà CBN fi àyè gbà, èyí tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 3 péré nínú àpẹẹrẹ yìí.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ kọ PAR sórí pátákó nínú yàrá ìpàdé, ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì yí i padà ní àràárọ̀. Ẹ má san owó àfikún fún òṣìṣẹ́ lórí iye tí ó yá jáde. Ẹ san án lórí iye tí ó padà wálé.

Ìrírí kan wà tí ó ń dùn mí títí di òní. Ní báńkì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a máa ń fún ẹni tí kò lè san gbèsè ní ẹ̀yáwó tuntun kí ó fi san ti àtijọ́. Lórí ìwé, gbèsè àtijọ́ ti kúrò nílẹ̀, tuntun náà kò sì tíì pẹ́, nítorí náà PAR wa kò ju ìdá 3 lọ fún ọdún kan gbáko. Mo fọwọ́ sí púpọ̀ nínú àwọn ìwé náà, nítorí pé wọ́n sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Nígbà tí ayẹ̀wéwò tuntun dé, tí ó sì to àwọn ẹ̀yáwó náà pọ̀ ní orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan dípò nọ́ńbà ẹ̀yáwó, ìdá 31 ni a bá. Láti ìgbà náà, òfin tí mo ń mú lọ síbi gbogbo ni pé ẹni tí a bá tún gbèsè rẹ̀ ṣe, orúkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé ewu títí yóò fi san ìgbà mẹ́ta léraléra láti inú owó ara rẹ̀.

Lórí gbígba gbèsè, ìran wa ti rí oríṣiríṣi. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ tí ó ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú ni a fi ń pè ní Òṣómàáló, pé òṣòó ni àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi jáde. Ohun tí ó dára nínú rẹ̀ ni wíwà níbẹ̀: wọ́n mọ ilé, wọ́n sì ń padà wá. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ mú nínú rẹ̀ ni ìtìjú àti ìhalẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà bá ń pe owó báńkì ní gbómúléláńtà, wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹ pe oníbàárà ní ọjọ́ kìíní tí owó bá pẹ́. Kí òṣìṣẹ́ dé ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Kí máníjà fúnra rẹ̀ lọ ní ọjọ́ keje, kí ó sì wo ẹrù tí ó wà nílẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Tí ó bá jẹ́ àìsàn tàbí iná ọjà, ẹ tún ètò ìsanwó ṣe ní gbangba, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ẹ̀tàn, ẹ pe onídùúró. Kò sí ìgbà kankan tí ó tọ́ kí òṣìṣẹ́ gbé ìkòkò tàbí ẹní ènìyàn.

Ẹ̀yáwó àwọn ará ilé

Alága ìgbìmọ̀, àwọn olùdarí, àwọn ìbátan wọn àti àwọn ènìyàn ńlá inú ìlú ni ó sábà máa ń jẹ gbèsè tí ó pọ̀ jù, tí kò sì sí òṣìṣẹ́ tí ó lè kan ilẹ̀kùn wọn. Òṣìṣẹ́ ẹ̀yáwó tí ó ń gba ₦70,000 lóṣù kò lè sọ fún olóyè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, owó yín ti pẹ́." Nítorí náà, ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Kí gbogbo ìpàdé ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíka orúkọ gbogbo ẹni tí ó jẹ́ ará ilé tí ó jẹ gbèsè, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí ó san kẹ́yìn. Kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ jáde síta nígbà tí a bá ń jíròrò lórí tirẹ̀. Ìlànà CBN fi gbèdéke sí irú ẹ̀yáwó yìí, kò sì fi àyè gba kí owó tí a yá ẹnìkan ṣoṣo ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àwọn onípìn-ín báńkì lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ògiri yàrá ìpàdé.

Owó tí a fi pamọ́

Owó àjọ ojoojúmọ́ ni ẹ̀jẹ̀ báńkì kékeré. Kì í gbówó lórí, ó sì ń mú òṣìṣẹ́ báńkì dé ìsọ̀ oníbàárà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ó ní àkókò tí ó máa ń jáde wìtìwìtì: oṣù Kẹsàn-án fún owó ilé ìwé, ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, àti oṣù Kejìlá. Ẹ ya kàlẹ́ńdà ọdún, kí ẹ sì dín ẹ̀yáwó tuntun kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlànà béèrè pé kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpamọ́ wà ní ọ̀nà tí a fi lè tètè rí i. Ní oṣù Kejìlá, èmi kò ní sùn pẹ̀lú ohun tí kò tó ìdá 35.

Ẹ ṣọ́ra fún olówó kan ṣoṣo. Báńkì tí ó ní mílíọ̀nù 50 lọ́wọ́ àwọn olùfipamọ́, tí mílíọ̀nù 15 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọ̀gá kan, ti di ti ọ̀gá náà, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé, ilẹ̀kùn yóò tì. Èmi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí CBN pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, tí owó tuntun kò sì tó, báńkì kékeré ní owó nínú ìwé ṣùgbọ́n kò rí bébà owó san fún ìyá tí ó fẹ́ ra ọjà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó kọjá rẹ̀ láìpàdánù ènìyàn ni àwọn tí ó ní àkáǹtì ní báńkì ńlá méjì tàbí mẹ́ta dípò ẹyọ kan, tí ó ti ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníPOS àti àwọn onílé epo tí owó ń wọlé fún lójoojúmọ́, tí máníjà wọn sì jáde sí ẹnu ọ̀nà ní àràárọ̀ láti sọ iye tí ó wà àti iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè gbà. Àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn pa láìsọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn kò padà sí mọ́.

Ẹ tún sọ fún àwọn oníbàárà yín, ní èdè Yorùbá, lórí pátákó tí ó hàn gbangba, pé àjọ NDIC ń dáàbò bo owó ìpamọ́ wọn, àti pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iye tí ó dáàbò bò fún ẹnìkan ní báńkì máíkírófáínánsì ti kúrò ní ₦200,000, ó ti di mílíọ̀nù 2 náírà. Ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà ni kò gbọ́ èyí rí, ó sì wà lára ohun tí ó lè mú wọn gbé owó wọn kúrò lábẹ́ ìrọ̀rí.

Káàdì kan lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ

Ní ọjọ́bọ̀ kan, mo yà sí ọ̀dọ̀ aránṣọ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ fi káàdì àjọ rẹ̀ hàn mí. Ó fà á jáde láti inú àpótí kékeré abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ti rọ̀, epo ẹ̀rọ sì ti kàn án ní etí kan. Àmì 24 ni ó wà lórí rẹ̀ fún oṣù náà, ₦1,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí mo mú lọ́wọ́ láti ọ́fíìsì sọ pé ₦19,000 ni. ₦5,000 ni ó sọnù lórí ẹnìkan, òṣìṣẹ́ tí ó ń gba owó náà sì ní oníbàárà 140. Kò jí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yá a lò, ó sì ń fi owó ti òní dí ihò ti àná.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹ máa fi káàdì mẹ́wàá wé ìwé ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí yóò ṣe é má jẹ́ ẹni tí ó ń gba owó ní àdúgbò náà, kí ọjọ́ rẹ̀ má sì ṣeé mọ̀ ṣáájú. Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù fún gbogbo owó tí ó bá wọlé dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kì í kà á, nítorí náà káàdì kò gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ máa pààrọ̀ àdúgbò àwọn agbowó ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ fi ipá mú gbogbo òṣìṣẹ́ lọ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, nítorí pé ẹni tí kì í fẹ́ lọ sí ìsinmi sábà máa ń ní ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn rí. Kí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ìfowóránṣẹ́ má jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ fún ẹnìkejì, kódà ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀.

Èlé àti áàpù orí fóònù

Ìwọ̀n èlé CBN dé ìdá 27.50 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, kò sì sí báńkì kékeré tí ó lè yá ènìyàn lówó ní ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ẹ wo ₦200,000 fún oṣù mẹ́fà ní ìdá 4 lóṣù. Tí a bá ń ka èlé lórí gbogbo owó náà títí dé òpin, ₦48,000 ni. Tí a bá ń kà á lórí ohun tí ó ṣẹ́kù nìkan, ₦28,000 ni. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu òṣìṣẹ́: "ìdá mẹ́rin". Ẹ kọ iye náírà tí oníbàárà yóò san lápapọ̀ sórí ìwé àdéhùn ní lẹ́tà gàdàgbà, kí òṣìṣẹ́ sì kà á sókè fún un kí ó tó tẹ̀ka.

Ní ti ìdíje, Kuda àti Moniepoint ní irú ìwé àṣẹ kan náà pẹ̀lú yín, wọ́n sì wà lórí fóònù gbogbo ọ̀dọ́. Ẹ má gbìyànjú láti fi áàpù bá wọn jà. Ẹ háyà sọ́fútíwíà tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ìfowóránṣẹ́ yín má máa há, kí ẹ sì fi agbára oòrùn rọ́pò dísù bí ẹ bá lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ lo ohun tí wọn kò ní: ẹ lè jókòó lórí àpótí nínú ìsọ̀ gaàrí, ẹ lè fi oṣù mẹ́fà fún ẹni tí áàpù fi ọ̀sẹ̀ méjì fún, ẹ sì lè dá oníbàárà tí ó ti san ẹ̀yáwó mẹ́ta tán lóhùn láàárín wákàtí 48 láìní kí ó tún kọ fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìdáhùn yín bá ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, áàpù ni yóò gbà á.

Bí ara báńkì kò bá ti yá tẹ́lẹ̀

Ẹ dá ẹ̀yáwó tuntun dúró fún gbogbo ènìyàn, àyàfi àwọn tí ó ti yá tí wọ́n sì ti san tán rí. Ẹ ní kí ayẹ̀wéwò tí kò bá ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tan to gbogbo gbèsè pọ̀ ní orúkọ oníbàárà, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ lókè, kí ẹ sì yọ èyí tí ó ti kú kúrò nínú èrè láìdúró de òpin ọdún. Tí owó ìdásílẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́, ẹ wá báńkì mìíràn ní ìlú kejì tí ẹ lè dara pọ̀ mọ́ nígbà tí ẹ ṣì ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, nítorí pé bí CBN bá ti gbà á, NDIC ni yóò wọlé láti sanwó fún àwọn olùfipamọ́ àti láti tú báńkì náà palẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹ tún lè fi dúnàádúrà mọ́. Ẹ kọ̀wé sí CBN fúnra yín kí wọ́n tó kọ sí yín. Kí ìwé náà mú nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́: PAR gidi, orúkọ àwọn ará ilé tí ó jẹ gbèsè pẹ̀lú iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn fọwọ́ sí i pé òun yóò san án.